Ẹja Kírápì àti Ìwọ̀ Olórí Òjé

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọlọ́kọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń jẹ ẹja adágún. Ẹja kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kírápì, èyí tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ní etí omi, kí ó sì mú èyí tí yóò tó oúnjẹ alẹ́ ilé rẹ̀ wálé. Ọ̀pá kan, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìwọ̀ kékeré mélòó kan, ohun èlò rẹ̀ parí. Ohun kan ṣoṣo ni ó mú ọ̀rọ̀ náà nípọn: àsìkò tí ẹja yìí rọrùn láti mú jù lọ ni àsìkò tí akọ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹyin.

Irú méjì ni kírápì, funfun àti dúdú. Àwọn méjèèjì pẹlẹbẹ bí epìyà, ara wọn ń dán bí fàdákà, àmì dúdú sì wà lára wọn. Àwọn ará Louisiana ń pè é ní sac-à-lait, èyí tí í ṣe àpò wàrà ní èdè Faransé. Púpọ̀ nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń mú kò wúwo ju pọ́n-ùn 1 lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957, wọ́n mú funfun kan ní Enid, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tí ó wọn pọ́n-ùn 5 àti áúnsì 3.

Ibi tí igi wà nínú omi ni kírápì ń fẹ́. Ní Reelfoot, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ilẹ̀ mì tìtì láàárín ọdún 1811 sí 1812. Ilẹ̀ rì, omi sì bo igbó mọ́lẹ̀, ó di adágún. Títí di òní ni kùkùté igi ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn apẹja sì ń wá kírápì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Níbi tí kò sí kùkùté, igi tí ó wó sínú omi tàbí òpó afárá ni kí apẹja wò.

Ìwọ̀ tí wọ́n ń lò jẹ́ ìwọ̀ olórí òjé. Òjé kóróbójó kan ni wọ́n yọ́ mọ́ ọrùn ìwọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì lè jẹ́ ìdá kan nínú 16 tàbí nínú 32 áúnsì. Wọn a wá so ìyẹ́ rírọ̀ tàbí rọ́bà múlọ́múlọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ó lè jọ ọmọ ẹja tàbí kòkòrò omi. Lókè rẹ̀, lórí okùn, ni wọ́n ń fi ohun tí ń léfòó sí. Ìdí rẹ̀ rèé: ojú kírápì ń wo òkè. Ó máa ń gòkè wá bá oúnjẹ, kì í sábà sọ̀kalẹ̀ lọ ṣà á nílẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìwọ̀ rẹ̀ rì dé inú ẹrẹ̀ ti gbé oúnjẹ sí ẹ̀yìn àlejò.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa ju ìwọ̀ sí àárín gbùngbùn omi, bí ẹni pé ẹja ń sá fún ilẹ̀. Kí ó rọra rìn, kí òjìji rẹ̀ má ṣe bọ́ sórí omi, kí ó sì kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí omi lọ́tùn-ún àti lósì. Kí ó fà á díẹ̀, kí ó dúró, kí ó tún fà á. Nígbà mìíràn ohun tí ń léfòó kò ní rì rárá, ńṣe ni yóò dùbúlẹ̀ lórí omi: ẹja ti gbé òjé náà sókè nìyẹn. Kí ó má ṣe fi agbára já ọ̀pá, nítorí awọ ẹnu kírápì fẹ́lẹ́ bí ìwé.

Ní ìgbà ìrúwé, nígbà tí omi bá móoru tó ìwọ̀n 60 sí 68 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, akọ a gbá ojú ibì kan mọ́ nínú omi tí kò jìn, abo a yé ẹyin síbẹ̀, a sì lọ. Akọ ni ó ń dúró. Ó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin, ohunkóhun tí ó bá sì sún mọ́ ibẹ̀ ni ó ń kọlù, títí kan ìwọ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹyin di oúnjẹ àwọn ẹja mìíràn. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ní kí a máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Abo kan lè yé ẹyin lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Nínú adágún kékeré, bí wọn kò bá mú nínú wọn, wọn a pọ̀ ju oúnjẹ wọn lọ, wọn kò sì ní tóbi mọ́. Nínú adágún tí apẹja pọ̀ sí, ẹja ńlá ni ó kọ́kọ́ ń tán. Òfin iye tí ènìyàn lè mú lóòjọ́, àti ti gígùn tí ẹja gbọ́dọ̀ tó, yàtọ̀ láti adágún kan sí èkejì. Kí apẹja kà á kí ó tó ju ìwọ̀. Èyí tí kò bá tó gígùn, kí ó fi ọwọ́ tútù mú un, kí ó sì dá a padà kíákíá.

Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ọmọ ẹja kéékèèké a sún mọ́ etí omi, kírápì a sì tẹ̀ lé wọn. Wákàtí yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ apẹja ti ń ká okùn wọn, tí wọ́n ń múra ilé.