Àtúnṣe Lẹ́yìn Ẹ̀rọ: Ẹjọ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Lẹ́nu Iṣẹ́ Wọn

Ẹjọ́ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe pé ẹ̀rọ mọ̀wé kọ. Ẹjọ́ mi ni pé ọ̀gá iṣẹ́ á ní kí ẹ̀rọ AI kọ ọ̀rọ̀ jáde, á wá pe òǹkọ̀wé pé kó tún un ṣe, owó àtúnṣe nìkan ló sì fẹ́ san.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà gbangba. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nǹkan bí 11,500 òǹkọ̀wé fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ẹgbẹ́ Writers Guild of America, gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 148 ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Owó ni olórí ohun tí wọ́n ń bèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó fún wọn lè rò pé ìbẹ̀rù lásán ni. Lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹni tó kọ eré láti ìbẹ̀rẹ̀ ní iye tó ń gbà. Ẹni tí wọ́n gbé eré tó ti wà nílẹ̀ fún pé kó tún un kọ, owó tirẹ̀ kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá ní kí ẹ̀rọ tú eré kan jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n sọ fún ènìyàn pé, “Ṣáà bá wa tún un ṣe,” owó ẹni àkọ́kọ́ ti dọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà ló máa ṣe gbogbo ìrònú tó wà níbẹ̀.

Àdéhùn tí wọ́n ṣe nígbẹ̀yìn dí ọ̀nà yẹn. Ohun tí ẹ̀rọ kọ kò ní í jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n á torí rẹ̀ gé owó ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kò lè fi ipá mú òǹkọ̀wé lo ẹ̀rọ. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ohun tí wọ́n gbé fún un ti wá, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un. Lójú tèmi, ìlà tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí mo bá ń tún iṣẹ́ oníròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ṣe, àṣìṣe rẹ̀ gan-an máa ń fọ̀nà hàn mí. Mo lè pè é kí n bi í pé, “Ta ló sọ èyí fún ọ? Ṣé o débẹ̀?” Ẹ̀rọ kò dé ibì kankan, kò sì fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò. Òótọ́ àti irọ́ inú iṣẹ́ rẹ̀, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Nítorí náà, gbogbo orúkọ, gbogbo iye, gbogbo ọjọ́ ni òǹkọ̀wé máa lọ wádìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, ìwádìí yẹn gba àkókò ju kéèyàn kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ wo CNET, ilé-iṣẹ́ ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ àlàyé nípa owó, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i ni “CNET Money Staff.” Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n jẹ́wọ́ pé àpilẹ̀kọ 77 ni, wọ́n sì ṣàtúnṣe sí 41 nínú wọn. Ọ̀kan sọ pé ẹni tó bá fi 10,000 dọ́là pamọ́ sí báǹkì, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún, máa jèrè 10,300 dọ́là lẹ́yìn ọdún kan. 300 dọ́là péré ni èrè rẹ̀! Ẹni tó sì máa ka irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ bí owó ìfipamọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, tí kò ní ohun tó máa fi dá irọ́ mọ̀. Ó dùn mí gan-an. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kéde pé àwọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ AI sì wà lára ohun tó gbé wọn dìde.

Ti ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àfikún kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn dárúkọ ìwé 15 fún àwọn òǹkàwé. Mẹ́wàá nínú wọn kò sí láyé, ẹ̀rọ AI ló hùmọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn òǹkọ̀wé gidi, bí Isabel Allende, ló wà lára wọn.

Ìyà kejì kan àwa tó jẹ́ pé ilé ìwé la ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ AI mọ̀. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Stanford fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje yẹ àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn wò, àròkọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe èyí tó ju ìdajì lọ ní iṣẹ́ AI. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, OpenAI tó ni ChatGPT kó ẹ̀rọ ayẹ̀wò tirẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí pé kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan ṣì ń fi irú rẹ̀ dájọ́ fún òṣìṣẹ́. Ọmọ wa tó jókòó, tó ronú, tó kọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara fún oníbàárà òkè òkun lè pàdánù owó rẹ̀ lórí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ NUJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn Nàìjíríà, àti àwọn ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wa láti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ báyìí. Kí olóòtú tó bá gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ fún oníròyìn sọ ọ́ kó tó gbé e lé e lọ́wọ́, kó sì san owó ẹni tó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníròyìn tí kò bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ tí kò ṣe, kí wọ́n má torí rẹ̀ lé e lẹ́nu iṣẹ́.