Gáàsì Lára Kẹ̀kẹ́ Akẹ́rù àti Ẹ̀rọ Oko: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀rọ oko bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Mushin

 

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá sọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọlé, mo rí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù mẹ́rin níta, méjì nínú wọn gbé sílíńdà gáàsì sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ajílẹ̀ dúró ná.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó lo gáàsì. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróò fò láti nǹkan bíi náírà 185 sí 488 ní Èkó yìí láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, tó tún ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù wá sí Ọjà Ojúwòyè, kí ló fẹ́ ṣe? Gáàsì kì í sì í ṣe àjèjì lára ẹ̀rọ oko. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1941 ni ilé iṣẹ́ Minneapolis-Moline ti ń ta katakata tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Fọ́kílíìfù tó ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí, gáàsì yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ibi tí wàhálà wà ni bí a ṣe ń so ó.

Ẹ gbọ́ èyí tí ojú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, àgbẹ̀ kan gbé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di onígáàsì. Wọ́n de sílíńdà mọ́ ọn, wọ́n fi rẹ́gúlétọ̀ sítóòfù sí i, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ kabúrétọ̀. Ó ṣiṣẹ́, ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkùnrin náà lò ó tó oṣù méjì. Lọ́jọ́ kan ó ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, ẹ́ńjìnnì kú. Òun àti ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n lè tì í jáde. Kò sẹ́ni tó rántí ti sílíńdà. Ìgbà tí wọ́n já ẹrù tán, ọmọ ní kí òun ṣí i wò. Bó ṣe yí kọ́kọ́rọ́, iná sọ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ láti inú kòtò. Bàbá jóná lẹ́sẹ̀. Ọmọ jóná lápá, apá náà kò sì tíì nà tán títí di òní.

Mo lọ wo kẹ̀kẹ́ náà. Sílíńdà ò bú. Rọ́bà ò já. Kò síbi kankan tó jò. Kí ló wá fa iná?

Rẹ́gúlétọ̀ sítóòfù ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó máa tú gáàsì sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹnu sílíńdà bá ṣí. Kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń já ẹ̀gẹ́, gáàsì ń gba inú kabúrétọ̀ jáde. Rẹ́gúlétọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì yàtọ̀: àfi kí ẹ́ńjìnnì fà kó tó là, tí ẹ́ńjìnnì bá kú, òun náà á pa dé. Lára kẹ̀kẹ́, ó tún yẹ kí fáàfù oníná wà níwájú rẹ̀, èyí tó ń ti gáàsì pa tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ padà. Ohun tó dín owó kù fún mẹkáníìkì nìyẹn, òun ló sì jó ọmọ ọlọ́mọ.

Èkejì ni pé gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Propane tó wà nínú rẹ̀ wúwo tó atẹ́gùn kan ààbọ̀. Butane wúwo tó ìlọ́po méjì. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ gbà bí omi, á wá ibi tó lọ sílẹ̀: kòtò, poro oko, gọ́tà, abẹ́ ilẹ̀kùn sítóò. Lítà kan propane olómi, tó bá tú jáde, á di nǹkan bí 270 lítà. Bẹ́ẹ̀, tí ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn tó wà níbì kan bá ti di gáàsì, iná lè gbá a mú. Wọ́n fi òórùn sí i kí imú lè mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ, òórùn wo ni yóò gbọ́? Ẹ̀yin ará Mushin níbí, ẹ ò ní gbàgbé gáàsì tó bú ní òpópónà Ojekunle ní Ládípọ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ẹ̀mí bá a lọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti délé, ẹ ti ẹnu sílíńdà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jó èyí tó kù nínú rọ́bà tán kó tó kú. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrá tí ẹ ń kó ajílẹ̀ sí tàbí tí ọmọ ń sùn sí. Ìta ni kó wà.

Ọ̀nà oko kì í ṣe títì. Ó ń gbọn ẹ̀rọ jìgìjìgì, kílípù á máa dẹ̀, nọ́ọ̀tì á máa tú. Ẹ máa fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tó bá ń yọ fòfò ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná dán an wò láéláé. Rọ́bà epo tàbí rọ́bà omi kò gbọdọ̀ síbẹ̀, gáàsì máa ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Sílíńdà ìdáná, ìdúró ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀ rẹ̀ kí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lè ráyè, gáàsì olómi ni yóò ṣàn wọ rọ́bà. Ti fọ́kílíìfù tí ẹ ń rí tó sùn, bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ kún dẹ́nu, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni kó mọ, torí gáàsì olómi ń wú nínú oòrùn. Tó bá sì tutù nini lẹ́nu iṣẹ́, tí ìrì bò ó, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbé tiẹ̀ ti sàlẹ́ńsà kó lè yá!

Ẹnì kan bi mí lẹ́ẹ̀kan nípa CNG tí ìjọba ń polongo. Gáàsì mìíràn nìyẹn o. Atẹ́gùn táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í ju nǹkan bí 30 lọ lórí gééjì fọkanáísà. Gáàsì ìdáná lè tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀. CNG ń sún mọ́ 3,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú níbi tó ti ń ra CNG ní Benin City, àwọn èèyàn fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò náà sọ pé sílíńdà tí wọ́n jó, tí kì í ṣe ti CNG, ló wà lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí alájòórin kankan fọwọ́ kan sílíńdà yín.

Tí ẹ bá gbóòórùn gáàsì: ẹ ti sílíńdà, ẹ má ṣí ẹ́ńjìnnì, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Tí iná bá ti ràn, tí ọwọ́ ò tó ẹnu sílíńdà mọ́, ẹ sá, kí ẹ pe 767 tàbí 112.

Kí ẹ tó sanwó fún mẹkáníìkì, ẹ ní kó ṣe nǹkan kan lójú yín, níta gbangba, tí kò síná nítòsí. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ rọ́bà lẹ́nu kabúrétọ̀, kó ti ẹnu rọ́bà náà bọ inú ife omi, kó wá rọra ṣí sílíńdà díẹ̀. Tí omi bá ń hó fòfò, rẹ́gúlétọ̀ sítóòfù nìyẹn. Kó ti sílíńdà kíá, kó sì lọ mú èyí tó yẹ wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde lọ wo méjì tó wà níta yẹn. Ẹ bá mi bu omi sí ife kan.