Kíkọ́ Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Ọ̀kadà Lábẹ́ Ọ̀gá
Ní Ìlógbò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n sábà máa ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń mú ọmọ lọ. Wọ́n á dá iye ọdún, wọ́n á fẹnu kò sí owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á sì tọwọ́ bọ̀wé.

Ọmọ iṣẹ́ tuntun á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa fi bẹntiróòlù fọ irin, á sì mọ nọ́ńbà sípánà kí ó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn náà ni bíréèkì, ṣéènì àti kabúrétọ̀ á kàn. Ojú àti etí ló fi ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá tú púlọ́ọ̀gì tí èéfín dúdú gbẹ bo ẹnu rẹ̀, epo ti pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó ń bá a wọlé nìyẹn. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná ń jó dáadáa.

Bí ọdún bá pé, ọ̀gá á ṣàdúrà fún un, á sì fún un níwèé ẹ̀rí. Ẹni tí kò tíì rówó ṣọ́ọ̀bù lè dúró ti ọ̀gá, kí ó máa gbowó iṣẹ́. Ẹnu oníbàárà ló ń polówó mẹkáníìkì.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́ lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, Trade Test, ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Ìpele 3 ló ní, láti Grade III dé Grade I.