Ẹ Má Dúró De Ẹkún Ọmọ

 

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọ kékeré, lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ náà gan-an ni yóò padà sílé. Ìgbà náà ni iṣẹ́ tiyín bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa a máa dúró títí ọmọ yóò fi ké kí a tó fún un ní oògùn. Èyí kò dára. Bí ìrora bá ti gbilẹ̀, apá oògùn kì í tètè ká a mọ́. Aago ni kí ẹ máa wò. Bí dókítà bá ní kí ẹ lo paracetamol ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀, lóru pàápàá. Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní wákàtí 24. Ìwúwo ọmọ ni a fi ń wọn oògùn rẹ̀: oògùn ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ti àbúrò. Ṣíbí inú páálí oògùn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ má sì fún ọmọ ní aspirin.

Àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré kò lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Èyí tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí ó kọ oúnjẹ, tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, ó lè jẹ́ pé ara ń ro ó. Ẹ má sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún. Ẹ gbé e mọ́ra, kí ẹ pa àlọ́ fún un.

Bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn oògùn, bí ojú ọgbẹ́ bá wú tàbí tí ó ń ṣe ọyún, bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e padà sí ọsibítù kíákíá.