Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lépa ìmọ̀, ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí kò tí ì gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò tún ṣiṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan; bí owó ìwádìí bá tán, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ẹ wo Stefan Hell, tí ó gba oyè rẹ̀ ní Heidelberg, ní Jámánì, ní 1990. Láti 1873 ni Ernst Abbe ti fi hàn pé maikirosíkóòpù onímọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo wọn bá kéré jù. Hell ní òun mọ ọ̀nà àbáyọ. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Turku, ní Finland, ni ó ti rí àyè ní 1993, ó sì tẹ èrò rẹ̀ jáde ní 1994. Ẹ̀bùn Nobel kò dé títí di 2014. Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko!

Lónìí, àwòrán tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń yà pọ̀ ju ohun tí ojú lè yẹ̀ wò tán lọ. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń tú u. Nítorí náà ni a ṣe ń wá ẹni tí ó gbọ́ ìṣirò. John Jumper gba oyè ní Chicago ní 2017, ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 2024. Ẹ má fi tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n o. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè: ọdún mélòó ni owó náà yóò gbé? Orúkọ ta ni yóò ṣíwájú lórí ìwé tí a bá tẹ̀? Bí ẹ bá ń lọ, ṣé ẹ lè kó iṣẹ́ yín dání?