Ìlù Náà Ń Sọ̀rọ̀: Ta Ló Ń Dá Ẹjọ́ Fíìmù Wa?

 

Ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù. Páálí fíìmù àgbéléwò ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin atẹ̀wé mọ̀ ọ́n: àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ máa ń tò léra kí àwòrán tó pé, pléètì kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà yọ bébà kan, ó gbé awò kékeré lé e, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní òṣèrébìnrin iwájú yẹn ti ní ètè méjì. Èmi ò rí nǹkan kan. Ó gbé awò náà fún mi, ìgbà yẹn ni mo tó rí ìlà pupa tín-ín-rín tó yọ sísàlẹ̀ ètè rẹ̀, torí pé pupa ò jókòó dáadáa sórí yẹ́lò. Ó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń tún pléètì dè, ọ̀gá bá tú fíìmù náà fúnra rẹ̀ palẹ̀ fún mi. Ó ní obìnrin yẹn kó ẹrù jáde nílé ọkọ ní apá kìíní, ó sì padà síbẹ̀ ní apá kejì láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, láìsí ohun tó yí i lọ́kàn padà. Ó ní, "Owó apá kejì ló dá a padà."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí fíìmù láti ìgbà náà. Díẹ̀ nínú wọn ló là mí lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ibo wá ni wọ́n ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Olivier Barlet, ará ilẹ̀ Faransé, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí fíìmù Áfíríkà, ìwé rẹ̀ lórí ti òde òní sì jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2016. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀ gidigidi. Àmọ́ fíìmù tó sábà máa ń dé iwájú àwọn onílámèyítọ́ bíi tirẹ̀ ni èyí tó bá gba Ouagadougou kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún fíìmù FESPACO láti 1969, tàbí Cannes, tàbí Berlin. Èyí tí aránṣọ Bàrígà ń wò lórí fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì kì í gba ibẹ̀. Àwa tí a sì wà ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ tiwa. Yunifásítì Èkó ní Àkókà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ láti Bàrígà tí a jókòó sí yìí, síbẹ̀ ohun tí a ń kọ níbẹ̀ kì í rìn dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ń dùn mí.

Ousmane Sembène ti Senegal mọ irú ìrora yìí. Òǹkọ̀wé ni, èdè Faransé ló fi ń kọ̀wé. Ó rí i pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn ò lè kà á, ló bá gba ìdí fíìmù lọ. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló ka sinimá sí. Ní 1968, ó ṣe Mandabi lédè Wolof. Àwa náà ò kẹ́yìn lédè Yorùbá: Àjàní Ògún ti jáde ní 1976, Ayé ti Ògúndé ní 1979. Fíìmù ti padà sílé láti ìgbà yẹn. Ẹjọ́ rẹ̀ ni kò tíì padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí fíìmù Ṣaworoidẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, ó jáde ní 1999, ọdún tí sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá. Nínú rẹ̀, Lápité jọba ní ìlú Jogbo láìṣe ètùtù tó yẹ kí ọba ṣe. Lágátà, sọ́jà tó fipá gba adé lẹ́yìn rẹ̀, ìlù ṣaworoidẹ ló pa á. Onílámèyítọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá á kọ ọ́ sílẹ̀ pé orin fíìmù náà dára. Orin kọ́, ọ̀rọ̀ ni. Ẹ sì rántí bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀: ohùn nìkan ló ń mú, òkè, ìsàlẹ̀, àárín, olùgbọ́ ni yóò fi ìyókù kún un. Gbólóhùn kan náà lè jẹ́ oríkì létí ọba kó sì jẹ́ èébú létí ará ìlú, ẹnikẹ́ni ò sì lè mú àyàn pé òun ló sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù wà. Ibẹ̀ ni agbára ẹni tí kò ní ìbọn wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán kò lè mú ju ìtumọ̀ kan lọ, bó bá sì ti mú un, ewu inú ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Èyí ló fà á tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ti bọ́ sórí Netflix ní 2022, tí Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2023, ìtàn ogun àti ọba àtijọ́ ti gbòde. Aṣọ òfì wọn wù mí, ilé alámọ̀ wọn wù mí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, àyàn ń lù, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú eré náà tó ń fetí sí i. Ìdí rẹ̀ ò jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún ilé iṣẹ́ òkèèrè á fẹ́ kí ará Kòríà àti ará Brazil tẹ̀ lé ìtàn náà, idà sì rọrùn láti tẹ̀ lé ju ọ̀rọ̀ ìlù lọ. Àwòrán ń sanra, ọ̀rọ̀ ń rù. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà náà kì í pẹ́ kó tó yí ọkàn padà: ní oṣù kìíní 2024, Amazon Prime Video dáwọ́ dúró lórí fíìmù tuntun tó ń náwó sí ní Áfíríkà.

Àwọn kan ń pín fíìmù wa sí ilé méjì: ti ọjà, bíi A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ, àti ti òkèèrè, bíi My Father's Shadow ti Akínọlá Davies, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ètò àṣàyàn gan-an ní Cannes, ní 2025. Mi ò fara mọ́ ìpín yẹn. Abẹ́ awò kan náà ni kí a gbé méjèèjì sí. Èkó ti oṣù kẹfà 1993 tí fíìmù Davies ń sọ, àwọn tó rìn nínú rẹ̀ ṣì ń gbé Ilàjẹ àti Pẹ́dírò. Ta ló ti bi wọ́n léèrè bóyá ó jọ ọ́?

Àdúgbò yìí ò ṣàìní ojú tó mọ eré. Ṣẹ́gun Adéfilà, tó dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà níbí ni ibùdó ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣeré nínú Arugbá ti Kèlání ní 2008. Ẹ wò ó níbẹ̀: ara rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó là.

Ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín ò tóbi. Bébà kan, tí a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú-ewé mẹ́jọ. Dúdú nìkan, pléètì méjì péré. Kí ó máa jáde lóṣooṣù lédè Yorùbá, kí atẹ̀wé, onídìrí àti òṣèré máa kọ sínú rẹ̀ ohun tí wọ́n rí nínú fíìmù tí wọ́n wò. Ẹ má sọ ìtàn náà fún wa, a ti wò ó. Ẹ sọ ibi tí pupa ò ti jókòó sórí yẹ́lò. Èmi ni màá ra bébà ti oṣù àkọ́kọ́.

A ó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Mo gbé ìparí Ṣaworoidẹ wá, mo sì ti ní kí wọ́n bo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bírò àti ìwé wà lórí àga yín. Tí ìlù bá ti dún, kí kálukú kọ ohun tó gbọ́, kó má wo ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ bá wa pa iná.