Iyọ̀, Ṣúgà àti Òṣùwọ̀n: Omi Agbẹ̀mílà Tí A Ń Pò Nílé ní Agbègbè Lekki àti Ajah

Iyọ̀, ṣúgà àti omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun kékeré ni wọ́n lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá wọ́n, tí ìyá kan ní Ajah ń rò ó bóyá kí òun ra lẹ́búlẹ́bú ORS ní kẹ́míìsì tàbí kí òun po tirẹ̀ nílé, ẹ̀mí ọmọ wà nínú ohun kékeré náà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé a lè dín owó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú òṣùwọ̀n rẹ̀.

Omi àti iyọ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru ń gbà jáde lára ọmọ ló sábà ń pa á. Àwújẹ̀ rẹ̀ a rì, ojú rẹ̀ a jìn, ẹnu rẹ̀ a gbẹ. Ní ọdún 1960, Robert Crane dá àbá pé ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ ara ìfun. Omi a sì máa tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, a kò fi ṣúgà sí i nítorí adùn. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀.

Ní 1968, David Nalin àti Richard Cash dán irú omi bẹ́ẹ̀ wò ní Dhaka fún àwọn tí kọ́lẹ́rà ń ṣe. Ní 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dilip Mahalanabis lò ó ní Bangaon ní ilẹ̀ India, fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Nílẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn àwọn ọmọdé tó di Mínísítà Ètò Ìlera ní 1985, wà lára àwọn tó mú kí ó di ohun tí àwọn ìyá mọ̀. Ìgò bíà kan tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ni a fi ń wọn omi rẹ̀ nígbà náà.

Ìgò ti di oríṣiríṣi lónìí. Òṣùwọ̀n tí a mọ̀ káàkiri ni omi mímọ́ líta 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, tí a fi ọ̀bẹ gbá orí ṣíbí tẹ́jú. Omi inú ọ̀rá méjì, tí a kọ 50cl sí lára, jẹ́ líta kan.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Lekki ti wọlé. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, omi kànga ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì níyọ̀. Bí a bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ pò ó, iyọ̀ ti kọjá ìwọ̀n kí ṣíbí tó dé ibẹ̀. Sísè a máa pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í yọ iyọ̀. Bí omi ti ń fà ni iyọ̀ ń le sí i. Iyọ̀ àpọ̀jù lè fa gìrì, ó sì lè pa ọmọ. Ṣúgà àpọ̀jù a máa mú ìgbẹ́ náà burú sí i. Kí a tọ́ ọ wò: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí a dà á nù.

Ẹ má ṣe rò pé ti ilé àti ti kẹ́míìsì dọ́gba. Láti 2002, ORS tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní potassium chloride gíráàmù 1.5 àti citrate gíráàmù 2.9 nínú líta kan. Ti ilé kò ní wọn. Omi àgbọn ní potassium púpọ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ kéré, kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí agbára bá ká ORS, kí a rà á. Bí kò bá sí, ti ilé ni kí a máa fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, kí ọmú má sì dúró. Bí ọmọ kò bá lè mu, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí kò ta pútú mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn tó ń kọ́ àwọn ìyá ní Badore, Langbasa àti Sangotedo ni pé, kí wọ́n tó dárúkọ ṣíbí, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé: “Níbo ni ẹ ti rí omi yín?”